Òwìwí àti Igbó Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Hù

Ẹ̀yin ará Ẹ̀rìn-Ilé, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ń sun èédú, ọ̀rọ̀ òní dá lórí ẹyẹ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Bí òwìwí bá ké lórí òrùlé lóru, wọn a ní àjẹ́ ni ó dé. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, wọn a kó òkò wá a kiri. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ wo ibi tí ẹyẹ náà ń gbé.

Òwìwí kì í kọ́ ìtẹ́ bí ẹ̀gà. Inú ihò igi tí ó ti gbó ni ó sábà máa ń yé sí, tàbí inú àlàpà àti àjà ilé. Òmíràn a gba ìtẹ́ tí ẹyẹ ẹlòmíràn ti kọ̀ sílẹ̀. Níbí ni wàhálà wà. Nígbà tí àgbẹ̀ bá kórè iṣu àti ọkà tán, tí ó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi, koríko ni yóò kọ́kọ́ hù, igi wẹ́wẹ́ yóò sì tẹ̀ lé e. Kò ní pẹ́ tí eku yóò fi pọ̀ níbẹ̀. Oúnjẹ òwìwí dé, ṣùgbọ́n ilé kò sí, nítorí igi tí kò tóbi ju apá ọmọdé lọ kò lè ní ihò tí ẹyẹ yóò wọ̀.

Àfi bí àgbẹ̀ bá dá igi àgbà sí. Láti ìgbà láéláé ni àgbẹ̀ ilẹ̀ ọ̀dàn ti ń dá igi ẹmì àti igi igbá sí nínú oko, nítorí òrí àti irú. Kò sí ẹni tí ó ro ti òwìwí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ àǹfààní rẹ̀. Igi àgbà oníhò, igi gbígbẹ tí ó ṣì dúró, ìtì tí ó wó lulẹ̀ tí eku ń sá sábẹ́ rẹ̀, àti ewé tí ó ṣú tí ẹyẹ lè fara pamọ́ sí lọ́sàn-án: ibi tí ìwọ̀nyí bá wà, igbó kékeré a gba òwìwí.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òwìwí kan wà tí ìjọba kọ mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ní ọdún 1990, nítorí pé wọ́n ń gé ẹgàn tí ó ń gbé. Síbẹ̀, ní etíkun California, wọ́n bá a nínú igbó tí kò tíì pẹ́ pẹ̀lú, níbi tí eku ti pọ̀ tí igi ńlá àtijọ́ sì ṣẹ́ kù.

Àkókò tún ṣe pàtàkì. Òwìwí olójú funfun tí ń gbé ẹ̀bá ilé a máa sàba fún nǹkan bí oṣù kan, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì tó oṣù méjì kí wọ́n tó fò. Ọ̀pọ̀ òwìwí ilẹ̀ ọ̀dàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń yé ní ẹ̀ẹ̀rùn, ní ìgbà náà gan-an tí a ń sun ìgbẹ́ tí a sì ń gé igi fún èédú. Ẹni tí ó bá gé igi oníhò nígbà náà, ó gé e pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀.

Eku tí òwìwí kò pa, inú àká àti ilé ni ó ń bọ̀. Eku kan wà nínú wọn tí ń gbé àìsàn Lassa kiri, àìsàn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè. Irú eku bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí òwìwí ń jẹ.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì, kí ó lọ sí abẹ́ igi tí òwìwí ń sùn sí. Òwìwí a máa gbé eku mì lódindi, a sì máa bi irun àti egungun rẹ̀ jáde ní ìṣù kéékèèké. Bí ó bá fi igi tú ọ̀kan nínú wọn, yóò rí egungun orí eku níbẹ̀, yóò sì lè kà wọ́n.