Ẹ Má Fi Ọgbẹ́ Pamọ́

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan bá àwọn obìnrin ọlọ́jà sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rọ̀ ọmú gígé ni mo bá wá lónìí.

Bí jẹjẹrẹ bá mú ọmú, dókítà lè gé e kúrò kí ẹ̀mí má baà lọ. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1811, wọ́n gé ọmú Fanny Burney, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń kọ ìwé, ní ìlú Paris. Kò sí oògùn oorun nígbà náà; ojú rẹ̀ là sílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀ ọgbẹ́ náà jinná, ó sì wà láàyè títí di ọdún 1840. Lónìí, wọn yóò mú aláìsàn sùn kí wọ́n tó fọwọ́ kan abẹ.

Ṣùgbọ́n kí a kúrò ní ọsibítù kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀.

Dókítà máa ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ọgbẹ́ kí omi lè máa jáde. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà náà, omi lè tún jọ sábẹ́ awọ, ibẹ̀ a sì wú. Èyí wọ́pọ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un nílé o. Ọsibítù ni wọn yóò ti fà á.

Bí ọgbẹ́ bá pọ́n, tó gbóná, tó ń rùn, tó ń ṣọyún, tó dúdú létí, tàbí tí ibà bá dé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà lọ. Ẹ má da epo, àgbo tàbí àtíkè sí i. Àwa obìnrin a máa tijú, a ó fi aṣọ bò ó. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó sọ fún dókítà, torí àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin.

Apá ńkọ́? Bí wọ́n bá yọ kókó abíyá, apá ìhà ibẹ̀ lè wú, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kó gan: bí nọ́ọ̀sì bá ti ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tètè ru omi. Ẹni tó ń yan gàrí, kó ṣọ́ apá náà lọ́wọ́ iná àti ọ̀bẹ.

Ẹ ka ìwé yìí fún ọkọ yín nílé, kó má sá fún ọgbẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bí ọmú bá lọ, tí ìyá bá kù, a dúpẹ́.