Ìpìlẹ̀ Kan, Ọkọ̀ Púpọ̀: Ohun tí Ọkọ̀ Oníná Mànàmáná Ń Béèrè Lọ́wọ́ Ìbàdàn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ring Road, Ìbàdàn)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wí fún mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí kì í mu epo, mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo sì rí i pé n kò lè sọ nípa ọkọ̀ tí ń bọ̀ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ rán yín létí ọkọ̀ kan tí ó ti lọ. Ọkọ̀ náà ni Volkswagen, èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó tẹ̀ kòtò bí igbá ahun. Bóyá ni a fi rí àgbà kan níbí tí kò gùn ún rí, tàbí tí kò bá wọn tì í gun òkè Mọ́kọ́lá rí.

Àwọn tí ó bá ti wo abẹ́ Ìjàpá yóò rántí pé irin pẹlẹbẹ kan ni ó wà nísàlẹ̀, tí ọ̀pá-ẹ̀yìn kan là á já láàárín, tí a wá fi bóòtì de ara ọkọ̀ mọ́ ọn lórí. Nítorí pé ara ọkọ̀ ṣeé tú kúrò lórí ìpìlẹ̀ yìí, àwọn tí ó ṣe é rí i pé ara mìíràn ṣeé gbé lé e. Ní 1955 wọ́n gbé ara arẹwà kan lé e, wọ́n pè é ní Karmann Ghia. Ní 1973 àwọn ará Bràsíl lo irú ìpìlẹ̀ kan náà fún ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Brasília. Èyí tí ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin nínú rẹ̀ ni a wá ń tò ní Èkó, tí a sọ ní Igala. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni ó ń di gàrí, tí ó ń di láfún, tí ó sì ń di fùfú. Àgbẹ̀ tí ó bá gbin ẹ̀gẹ́ kò mọ èyí tí ẹni tí ó rà á yóò fi ṣe.

Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó. Ní ọdún náà gan-an ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ní Ìbàdàn wa níhìn-ín, Leyland wá ń to ọkọ̀ akẹ́rù. Èrè kan pàtàkì tí ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo mú wá fún wa ni pé mẹkáníìkì tí ó bá ti mọ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, kò ní láti sá fún ti Igala. Ọmọ-iṣẹ́ a kọ́ ọkọ̀ kan, a sì gba òmìnira lórí méjì.

Ṣùgbọ́n kí ni ó gbẹ̀yìn wọn? Inú àpótí ni ohun èlò ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń wá láti òkè òkun. Títò ni tiwa, a kì í ṣe ẹni tí ń ṣe wọn. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀ ní àárín ọdún 1980 sí 1989, tí náírà sì rọ lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé ti 1986, owó tí a ó fi ra àpótí wọn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Volkswagen kó lọ, ọkọ̀ tòkúnbọ̀ sì kún ìgboro láti Dùgbẹ̀ títí dé Challenge.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe lónìí. Ní oṣù kọkànlá 1919 ọgọ́rùn-ún ọdún lé, èyí nì 2019, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọkọ̀ ID.3 ní Zwickau ní ilẹ̀ Jámánì. Iná mànàmáná ni ó ń lò, kò sì ní ẹ́ńjìnnì elépo rárá. Wọ́n tún padà sí ọgbọ́n àtijọ́: wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní MEB, wọ́n tẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré tí ń yí táyà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ID.4 dúró, òun náà ni Škoda Enyaq àti Audi Q4 e-tron dúró lé. Kódà Ford, tí kì í ṣe ọmọ ilé wọn, yá ìpìlẹ̀ yìí lò fún ọkọ̀ Explorer oníná tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Cologne ní 2024.

Ní ti èyí tí ń bọ̀, wọ́n kéde ní 2025 pé ọkọ̀ kékeré kan, ID. Polo, yóò jáde ní 2026 ní iye tí ó tó 25,000 owó Yúróòpù, lórí ìpìlẹ̀ MEB tí wọ́n tún ṣe kí ó lè dínwó. Ní oṣù kẹta 2025 kan náà ni wọ́n fi àwòṣe èyí tí ó tún kéré sí i hàn, tí wọ́n fẹ́ kí ó jáde ní 2027 ní nǹkan bí 20,000. Ète wọn ni pé bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, ìnáwó kan ni a ó pín sórí ọkọ̀ púpọ̀, ọkọ̀ yóò sì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó so gbogbo ilé pọ̀, bí ó bá yẹ̀, gbogbo ilé ni yóò mì. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń darí ọkọ̀ ID.3 kò parí bọ̀rọ̀, ìyẹn sì dá ọkọ̀ náà dúró ní 2020. Nígbà tí ó di 2024, ilé iṣẹ́ ńlá yìí lọ bá Rivian ti Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó nǹkan, kí wọ́n lè jọ ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Àgbà tí ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé kò tẹ́. Ẹni tí ó kọ̀ láti kọ́ ni ó tẹ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ète àwọn ará Jámánì kàn wá sí ní Bódìjà àti Agbowó? Ó kàn wá gidigidi. Ọkọ̀ tí Yúróòpù bá ń gùn lónìí ni yóò di tòkúnbọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́la. Nígbà tí ó bá dé, bátìrì rẹ̀ yóò ti gbó díẹ̀; ta ni yóò sì tú u wò? Bí a kò bá kọ́ àwọn ọmọ wa, ọkọ̀ tí ó ní ẹyọ kan tí kò ṣiṣẹ́ nínú bátìrì yóò di ilé adìyẹ. Bí a bá sì kọ́ wọn, ẹni tí ó bá mọ ìpìlẹ̀ kan yóò lè tún orúkọ ọkọ̀ márùn-ún ṣe, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ṣe pẹ̀lú Ìjàpá àti Igala.

Ẹ sì wo àwọn ará ilé wa ní Kùtọnu àti ní Lomé. Alùpùpù oníná ti Spiro ń ná ọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tí ń gùn ún kì í dúró de iná. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti rọ, a yà sí ibùdó, a fi òfìfo sílẹ̀, a gbé èyí tí ó kún. Ohun tí ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé bátìrì kan náà ni ó bá gbogbo wọn mu.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti iná. Ilé iṣẹ́ IBEDC, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ring Road yìí, ni ó ń pín iná fún wa láti 2013. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n sọ owó iná àwọn tí ó wà ní ìpele kìíní, tí a ṣèlérí ogún wákàtí fún lójúmọ́, di 225 náírà fún ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àádọ́ta ẹyọ iná lè gbé ọkọ̀ oníná rin nǹkan bí 300 kìlómítà, ìyẹn ni láti Ìbàdàn dé Èkó àti àbọ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ 11,250 náírà. Ọkọ̀ elépo tí ó bá mu lítà mẹ́rìnlélógún ní ọ̀nà kan náà, ní nǹkan bí 700 náírà lítà kan ní ìgbà náà, yóò gba 16,800 náírà. Èrè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúgbò mélòó ni ó wà ní ìpele kìíní? Bí ó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ elépo ni a ó fi máa bọ́ ọkọ̀ oníná, a kàn gba ẹ̀yìnkùlé padà sọ́dọ̀ elépo ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀ yín. Èkíní, kí ẹ̀yin Olóyè bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí òfin iná ti 2023, tí ó fún ìpínlẹ̀ ní agbára láti ṣètò iná ara rẹ̀. Èkejì, kí Pólì Ìbàdàn, tí ó ti wà láti 1970, kó àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa wọ kíláàsì, kí a kọ́ wọn ní iṣẹ́ bátìrì ní èdè Yorùbá, nítorí púpọ̀ nínú wọn gbọ́n ju ìwé tí wọ́n kà lọ. Ẹ̀kẹta, kí a bi ẹgbẹ́ olùkọ́ Yunifásítì wa léèrè: nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ibùdó iná oòrùn fún ọkọ̀ kalẹ̀ ní Yunifásítì Sókótó, ti Èkó àti ti Nsukka, èéṣe tí Ìbàdàn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ kò fi sí nínú mẹ́ta náà?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà àkọ́kọ́, àpótí ni wọ́n kó fún wa, a sì tò ó. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ tiwa lélẹ̀: iná, ẹ̀kọ́ àti ọmọ-iṣẹ́. Ọkọ̀ yòówù tí wọ́n bá gbé wá lórí rẹ̀, yóò dúró.