Ọwọ́ àti Ahọ́n Nínú Ìtọ́jú Gbòǹgbò Eyín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti eyín, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń rántí rẹ̀. Bí eyín bá ti ń roni tí kò jẹ́ kí a fojú ba oorun, ohun tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń bẹ dókítà fún ni pé kí ó sáà ti bá àwọn yọ ọ́ dànù. Bẹ́ẹ̀ ni eyín àgbà tí a bá yọ kì í hù mọ́.

Àdánù rẹ̀ kò sì mọ sórí oúnjẹ jíjẹ. Eyín òkè àti ètè ìsàlẹ̀ ni a fi ń pe kọ́ńsónáǹtì f. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fi ń pè é ní afeyínfètèpè. Ní ìlú bí Ìlọrin, níbi tí kéwú ti gbilẹ̀, ààfáà tí eyín iwájú rẹ̀ bá yọ yóò mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ó bá dé orí àwọn lẹ́tà Lárúbáwá tí a ń fi ahọ́n kan eyín pè.

Báwo wá ni a ṣe ń gba eyín là? Ìpele mẹ́ta ni ara eyín pín sí. Ti òde ni ohun tó le jù lọ nínú ara ènìyàn. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpele kejì tí kò le tó o. Nínú pátápátá ni ẹran rírọ̀ wà, èyí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára gba inú gbòǹgbò eyín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ìjẹrà kò bá tíì kọjá ìpele kejì, dókítà lè gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí ó sì dí ihò náà. Ṣùgbọ́n bí ẹran inú rẹ̀ bá ti rà, dídí lásán kò tó mọ́. Àfi kí a wẹ inú gbòǹgbò náà mọ́, kí a tó dí i pa.

Iṣẹ́ yìí ṣòro láti kọ́, nítorí pé inú òkùnkùn ni a ti ń ṣe é. Eyín iwájú òkè sábà máa ń ní gbòǹgbò kan pẹ̀lú ihò kan, ṣùgbọ́n eyín ńlá ẹ̀yìn ti òkè lè ní gbòǹgbò 3 pẹ̀lú ihò 4. Irin tín-ín-rín ni a ń tì bọ inú ihò wọ̀nyí. Ṣóńṣó òmíràn nínú wọn kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í ti orí ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Eyín tí a ti yọ àti eyín oníke tí a tò sẹ́nu ère ni yóò kọ́kọ́ fi dá ọwọ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Yóò kọ́ bí a ṣe ń ta rọ́bà pẹlẹbẹ yí eyín ká kí itọ́ má baà kó èérí wọ inú rẹ̀, ọgbọ́n tí Sanford Barnum, ará Amẹ́ríkà, mú wá ní 1864. Yóò kọ́ bí a ṣe ń fi àwòrán x-ray mọ gígùn gbòǹgbò, bí a ṣe ń fi oògùn fọ inú rẹ̀, àti bí a ṣe ń fi gutta-percha, èyí tí a ń rí nínú oje igi kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, dí i. Eyín ẹ̀yìn tí a bá ṣe báyìí tún sábà máa ń fẹ́ ìbòrí líle, kí ó má baà là sí méjì.

Ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín ń gbà ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Ti Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ló ṣáájú. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tẹ̀lé e ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ní 1980 ni a dá Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni, òun náà ni a sì fi ń ṣe ìdánwò. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ṣẹ́. Ahọ́n rẹ̀ ńkọ́?

Ká wí pé ìyá àgbà kan ti Pákátà wá, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tí ó sì wí pé, "Ọmọ mi, kòkòrò ń jẹ mí léyín, bá mi yọ ọ́." Ọ̀dọ́mọdé dókítà dáhùn pé, "Ẹ má yọ ọ́, Ìyá. A ó pa iṣan inú rẹ̀, a ó sì dé e ládé." Ìyá yóò gbà pé wọ́n fẹ́ pa iṣan òun, wọ́n sì tún fẹ́ ṣe òun lọ́ṣọ̀ọ́. Yóò gbé ìborùn rẹ̀, yóò sì máa lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló fa ìdààmú yìí. Èkíní ni kòkòrò. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló gbà pé kòkòrò ń jẹ eyín. Àwọn ará Bábílónì ayé àtijọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1728 ni Pierre Fauchard, ará Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun wá kòkòrò náà títí, òun kò rí i. Ní 1890 ni W. D. Miller ṣàlàyé pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí ló ń sọ oúnjẹ aládùn di èròjà kíkan tí ń jẹ eyín. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìrora sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìtọ́jú ọjọ́ kìíní, nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Aláìsàn á ní kòkòrò ti kú, kò sì ní padà wá. Ohun tí a fi dí eyín fún ìgbà díẹ̀ á yọ, ìjẹrà á tún wọlé. Kò yẹ kí dókítà fi ìyá ṣẹ̀sín. Kí ó wí pé, "Òótọ́ lẹ wí, Ìyá, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí ni. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, wọn yóò tún gbèrú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà wá kí a lè dí ọ̀nà mọ́ wọn."

Èkejì ni iṣan. Ọ̀rọ̀ kan yìí ni Yorùbá ń lò fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, fún ohun tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, àti fún ẹran tí ń mú apá lágbára. Ẹni tó gbọ́ pé a ó pa iṣan òun lè bẹ̀rù pé ẹnu òun yóò rọ. "A ó kó ẹran tó ti rà kúrò nínú eyín" ló yé ni jù. Ẹ̀kẹta ni adé. Ní ìlú tí wọ́n ti mọ eyín wúrà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ tí àwọn alhaja ń fi sẹ́nu bí wọ́n bá ti Mẹ́kà dé, adé lórí eyín á dà bí fàájì. Ìbòrí ni kí a pè é, nítorí ààbò ni iṣẹ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè wí pé Yorùbá kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ báyìí. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ó sì yé wọn. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ìṣègùn eyín fi àlàyé fún aláìsàn kún ìdánwò, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é ní Yorùbá. Ní Ìlọrin, kí a má gbàgbé àwọn tó ń sọ Haúsá, Fúlàní, Núpé àti Bàrùbá. Kí ẹ̀yin olùkọ́ èdè àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ṣa ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń lò fún ẹnu, erìgì àti eyín jọ, kí ẹ bá àwọn dókítà jókòó lé wọn lórí. Ọwọ́ ni a fi ń wẹ gbòǹgbò eyín mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yé aláìsàn ni yóò mú un padà wá kí ọwọ́ tó lè parí iṣẹ́.