Kí Ni Àgbà Ń Wá Lọ sí Yúróòpù?

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

  

Nígbà tí Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí ó fà á. Láti ìgbà tí mo ti gba owó ìfẹ̀yìntì mi ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà rànìn ní ìlú, pé Tíṣà fẹ́ dá nìkan lọ sí Yúróòpù. Wọ́n ní kò ní ọmọ níbẹ̀, kò lọ gba ìwòsàn, kò sì lọ ra ọjà. Ó kàn fẹ́ lọ wòran ni. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ìran ni mo fẹ́ lọ wò. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wòran lásán, nítorí náà mo rí i pé ó tọ́ kí n wá ṣàlàyé fún yín bí mo ti ṣètò ìrìn náà, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn tí irú èrò bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí owó, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Àkọ́bí mi ní kí n fi owó ìfẹ̀yìntì mi parí ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àdúgbò. Ìmọ̀ràn rere ni méjèèjì. Mo pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́ta: apá kìíní lọ sí orí ilé; apá kejì jẹ́ ti oúnjẹ àti oògùn ọjọ́ ogbó, n kò sì ní fọwọ́ kàn án; apá kẹta, tí ó kéré jù, ni ti ìrìn-àjò. N kò yá owó, n kò ta ilẹ̀, n kò sì bu owó lé ọmọ kankan. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí yóò jẹ gbèsè kí ó tó lọ wo ayé, kí ó jókòó sí ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn owó, ìbéèrè tí ó kù ni pé, kí ni mò ń wá? Mo ti rí ìwé ètò ìrìn tí a fi ọjọ́ 14 pín sí ìlú 10. Ẹni tí ó bá rìn bẹ́ẹ̀ yóò mọ inú ọkọ̀ ju inú ìlú lọ, owó ọkọ̀ yóò sì jẹ owó oúnjẹ rẹ̀. Èmi yan ìlú mẹ́ta péré, Róòmù, Ulm àti Berlin, nítorí pé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ohun kan wà tí ó kan ènìyàn dúdú, tí mo ti ń ka nípa rẹ̀ tí n kò rí. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ní Róòmù, ilé ìjọsìn ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Santa Maria Maggiore. Inú rẹ̀ ni a sin aṣojú ọba Kóńgò kan sí, Antonio Manuel Ne Vunda. Ní 1604 ni ọba rẹ̀ rán an sí Póòpù. Ó gba Bràsíìlì kọjá, ó gba Pọtogí àti Sípéènì kọjá, ìyà sì jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Oṣù kìíní ọdún 1608 ni ó tó gúnlẹ̀ sí Róòmù, àárẹ̀ sì ti mú un débi pé ó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Póòpù Paul V fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò lórí ibùsùn. Wọ́n fi òkúta mábù dúdú gbẹ́ ère rẹ̀, ère náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Mo fẹ́ lọ kí i. Kò sí owó ìwọlé ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn náà.

Láti Róòmù, n ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ulm, ìlú kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì. Oníṣòwò kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, Christoph Weickmann, tí ó fẹ́ràn láti máa kó ohun àrà jọ. Ní 1659, ó tẹ ìwé kan tí ó to orúkọ àwọn ohun náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọpọ́n Ifá kan wà nínú wọn, tí ó ti Allada wá, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Olómìnira Benin lónìí. Nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tí ó ṣì wà tí àwọn onímọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀, òun ni wọ́n kà sí èyí tí ó pẹ́ jù. Ó wà nínú àkójọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Ulm. Ìlú náà ní ilé ìjọsìn kan pẹ̀lú tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga ju mítà 161 lọ. Òun ni ó ga jù nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ayé títí di oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí Sagrada Família ti Barcelona borí rẹ̀. Àtẹ̀gùn 768 ni a ń gùn dé òkè. Èmi yóò jókòó sí ìsàlẹ̀, n ó sì gbójú sókè.

Berlin ni n ó parí sí. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìtàn, ẹ kò lè gbàgbé Ìpàdé Berlin, láti oṣù kọkànlá ọdún 1884 títí di oṣù kejì ọdún 1885, níbi tí àwọn ìjọba Yúróòpù ti fi òfin lélẹ̀ nípa bí wọn yóò ti máa gba ilẹ̀ Áfíríkà, láìsí aṣojú ọba Áfíríkà kan láàárín wọn. Ọdọọdún ni mo ń kọ ọjọ́ náà sí ojú pátákó dúdú. Ilé tí wọ́n ti ṣe é kò sí mọ́, ṣùgbọ́n pátákó ìrántí kan wà ní òpópónà Wilhelmstraße. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Humboldt Forum, níbi tí àwọn idẹ Benin wà, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. Ní 2022, ìjọba Jámánì gbà pé ti Nàìjíríà ni wọ́n, wọ́n sì dá 20 padà ní ìparí ọdún náà; àwọn kan tí ó kù ní Berlin, àwìn ni wọ́n wà níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí ó ti ń rí lára kí ènìyàn dúró níwájú ohun ìní ara rẹ̀ ní ilé onílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìwé ìrìnnà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fara gbọgbẹ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé owó fún ọkùnrin kan tí ó ní òun mọ ọ̀nà tí a fi ń rí físà. Òun ni ó kọ gbogbo ìwé mi. Nígbà tí wọ́n kọ̀ mí ni mo tó rí i pé ìwé báńkì tí ó fi síbẹ̀ kì í ṣe tèmi. Owó inú rẹ̀ pọ̀ ju owó tí mo ti ní rí láyé mi lọ. Ojú tì mí. Mo ti na ọmọ ní ẹgba nítorí irọ́ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé ọwọ́ ara mi ni n ó fi kọ ọ́, n ó sì jẹ́wọ́ kíkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ mí.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Físà Schengen kan ṣoṣo ni ó ń wọ orílẹ̀-èdè 29, Ítálì àti Jámánì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 ni ó pọ̀ jù tí àlejò lè lò. Orílẹ̀-èdè tí a ó ti pẹ́ jù ni a ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ó kọ́kọ́ wọ̀. Ọjọ́ 10 ni n ó lò ní Ítálì àti 12 ní Jámánì, nítorí náà Jámánì ni mo gbọ́dọ̀ tọ̀ lọ. A lè mú ìwé lọ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Owó rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò láti oṣù kẹfà ọdún 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ ènìyàn. Nítorí náà n kò tíì san owó ọkọ̀ òfuurufú. Bí wọ́n bá tún kọ̀ mí, kí òfò náà mọ níwọ̀n. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àmì ìka àti àwòrán ojú àlejò sílẹ̀ ní ẹnubodè, nítorí náà ẹni tí ó bá fi ọjọ́ kan kọjá àkókò rẹ̀ kò lè fara pamọ́.

Ní ti ìnáwó, 60 yúrò ni mo là sílẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: 35 fún ibùsùn, 13 fún oúnjẹ, 7 fún ọkọ̀ ìgboro àti owó ìwọlé, 5 fún ohun tí a kò rò. Fún ọjọ́ 22, ó jẹ́ 1,320 yúrò. Kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì ni n ó sùn sí. Ilé àlejò tí àwọn Sístà ìjọ Àgùdà ń tọ́jú wà ní Róòmù, àti ilé tí àlejò mélòó kan ti ń pín yàrá. Omi mímu ń ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Róòmù. Gàrí mi yóò bá mi lọ. Ẹran gbígbẹ àti wàrà ni òfin wọn kò gbà wọlé.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2026 ni mo yàn, nígbà tí oòrùn ti rọ̀ tí òtútù kò sì tíì dé. Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Póòpù ń ṣí lọ́fẹ̀ẹ́ ní òwúrọ̀. Ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú oṣù ni ti ìjọba Ítálì ń ṣí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ṣètò rẹ̀ kí ọjọ́ méjèèjì bọ́ sí àkókò tí n ó wà ní Róòmù. Ní Jámánì, ìwé ọkọ̀ kan wà tí owó rẹ̀ jẹ́ 63 yúrò fún oṣù kan ní 2026. Ó ń gbé ènìyàn nínú bọ́ọ̀sì ìgboro àti ọkọ̀ ojú irin tí kì í sáré púpọ̀ jákèjádò ilẹ̀ náà. Láti Ulm dé Berlin yóò gbà mí ní odindi ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ta ni ń lé mi? Kí ẹni tí ó bá rà á rántí fagi lé e kí ọjọ́ 10 oṣù tó kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò tún gba owó oṣù tí ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ń bi mí pé, èé ṣe tí o fi ń dá lọ? Orúnkún kò jẹ́ kí ìyá àwọn ọmọ mi rìn jìnnà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n lọ, kí n tó di ẹlẹ́gbẹ́ òun. Mo mọ̀ pé àgbà ni mí. N kò gbàgbé Ne Vunda tí ó rin ọdún mẹ́ta lọ kú sí Róòmù. Òfin Schengen wí pé kí àlejò ní ìwé adójútòfò tí kò dín ní 30,000 yúrò, tí yóò san owó ìwòsàn àti owó gbígbé òkú padà sílé. Ọ̀pọ̀ ń ra èyí tí ó rọ jù láìkà á. Èmi kà á láti òkè dé ilẹ̀. N ó kó oògùn mi dání nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Ní agogo mẹ́jọ alaalẹ́ ni n ó máa pe ilé. Mo sì ti kọ lẹ́tà kan fún àkọ́bí mi, mo fi èdìdì dì í. Ó mọ ìgbà tí yóò tú u.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Yúróòpù, ẹ má bínú pé n kò ní wá wọ̀ sílé yín. Mo mọ bí iṣẹ́ ti ń gbà yín ní àkókò. Nọ́ńbà tẹlifóònù yín nìkan ni mo ń tọrọ, kí n ní ẹni tí mo lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Alága, ó ku ohun kan, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn mi. Mo ti kọ̀wé sí Ulm láti béèrè bóyá a lè rí ọpọ́n Ifá náà ní oṣù kẹwàá, nítorí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé a máa kó nǹkan pamọ́ nígbà mìíràn. Mo ń retí èsì. Bí mo ti ń kọ ìwé náà ni mo bi ara mi léèrè ọ̀rọ̀ kan. Oníṣòwò Jámánì kan to orúkọ àwọn ohun ilé rẹ̀ ní 1659, ìdí nìyí tí a fi mọ ibi tí ọpọ́n náà ti wá. Àwa ńkọ́? Ta ni ó ti kọ orúkọ àwọn ohun tí ó wà ní ààfin wa, ní ojúbọ wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ wa sílẹ̀? Bí olè bá gbé ọ̀kan lóru òní, kí ni a ó fi hàn ní ọ̀la pé tiwa ni?

Nítorí náà, pẹ̀lú àṣẹ Kábíyèsí, mo bẹ Ẹgbẹ́ yìí kí wọ́n fún mi ní ọ̀dọ́ méjì tí ó mọ̀wé kọ. Kí a ra ìwé ńlá kan, kí a máa lọ láti agbolé dé agbolé, kí a kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ìdílé tí ó ni ín àti ohun tí a fi ń ṣe, kí a sì ya àwòrán rẹ̀. Èmi ni n ó ra ìwé náà. Mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó lọ, kí ẹsẹ̀ mi má baà yá sí ọpọ́n ẹni ẹlẹ́ni nígbà tí n kò mọ iye tí ó wà nílé.

Bí Ọlọ́run bá mú mi lọ tí ó sì mú mi bọ̀, n ó wá jíhìn ìrìn náà fún yín ní ìpàdé ọdún tí ń bọ̀, pẹ̀lú iye owó tí mo ná, láìfi kọ́bọ̀ kan pamọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.  Ìlú wa yóò máa tẹ̀ síwájú o. Àṣẹ.