Ọtí Inú Epo Bẹntiróò: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Bù Ú Sí Jẹnẹrétọ̀

Wọ́n ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí jẹnẹrétọ̀ mi kí gbogbo wa lè gbọ́. N ò ní pẹ́.

Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, ìgbà tí epo wọ́n. Ẹ mọ̀ pé ẹja yìnyín ni mò ń tà. Mo ra epo kún kẹ́ẹ̀gì kan, mo bù ú sí jẹnẹrétọ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó bá kú. Kí mẹkáníìkì tó tú u tán, ẹja páálí mẹ́ta ti bàjẹ́, owó àjọ ni mo sì fi rà á! Ọmọ náà fi kábúrétọ̀ hàn mí: omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, róbà inú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Mọ́mì, kì í ṣe omi nìkan o, ọtí ni wọ́n pò mọ́ epo yìí."

Kì í ṣe àhesọ. Lóṣù yẹn náà ni àjọ NMDPRA kéde pé mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú epo kan tó ti wọ̀lú. Mele Kyari, ọ̀gá NNPC nígbà náà, ní ẹrù epo mẹ́rin ni, láti Antwerp ní Belgium. Ó ní àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe níbi tí wọ́n ti kó o àti níbi tí wọ́n ti já a kò ka mẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Bó ṣe kọjá lójú àwọn ayẹ̀wò nìyẹn.

Ìbátan mẹ́tánọ́ọ̀lù ni ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí inú ògógóró. Òyìnbó máa ń dìídì pò ó mọ́ epo ọkọ̀. Ṣebí omi àti epo kì í pò pọ̀? Ọtí ló máa ń bá àwọn méjèèjì ṣọ̀rẹ́. Á fa omi wọnú epo. Tí omi náà bá pọ̀, òun àti ọtí á jọ rì sísàlẹ̀ tánkì, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo. Á wú róbà, á máa jẹ irin kábúrétọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní bàálù kékeré l'Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ ti wá. Láti 1982 ni àwọn kan nínú wọn ti ń gba ìwé àṣẹ láti fi epo ọkọ̀ fò, àmọ́ ìwé náà kò gba epo tó ní ẹ́tánọ́ọ̀lù. Tí jẹnẹrétọ̀ tèmi bá kú, ẹja ló bàjẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì tiwọn bá kú lókè, ẹ̀mí ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yẹ epo wò, ìgò kan ṣoṣo ló sì ń gbà.

Ẹ wá ìgò gíláàsì tó mọ́ gaara. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ sàmì sí ibi tó dé. Ẹ da epo lé e, kí epo tó ìlọ́po mẹ́sàn-án omi náà. Ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ rọra ṣí i, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí omi bá dúró lójú àmì, kò sí ọtí. Tó bá ga ju àmì lọ, ọtí ti kó wọnú rẹ̀ nìyẹn. Kò lè fi kẹrosíìnì hàn o, ọtí nìkan ni.

Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kó jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu fa epo: mẹ́tánọ́ọ̀lù ń fọ́ ojú, ó ń pa èèyàn.

Ẹ má tọ́jú epo pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì. Tí ẹ bá fẹ́ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ ti epo, kó mu èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ tán fúnra rẹ̀. Ẹni tí omi rẹ̀ bá ga, kó tètè sọ fún wa níbí kí ẹlòmíì tó rà á.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọjà á tà o. Ó dàbọ̀.