Ọ́ìlì Gíà Tó Bá Ọkọ̀ Wa Mu

Ẹ kú oríire ọdún mẹ́wàá. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń wà, a sì fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ gíà òtòmátíìkì, nítorí bó bá kọṣẹ́, owó àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ooru ló ń ba ọ́ìlì gíà jẹ́. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, síńtẹ́tíìkì máa ń fara da ooru ju ọ́ìlì lásán lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo síńtẹ́tíìkì ló bá gbogbo ọkọ̀ mu. Toyota Camry 2003 ń lo Type T-IV. Ti 2007 ń lo WS. Gíà CVT ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Orúkọ tí ìwé ọkọ̀ yín kọ ni kí ẹ wá lára ike ọ́ìlì. Ẹ má fi owó tàbí àwọ̀ yàn án. Pupa ni ọ̀pọ̀ wọn.

Bí mẹkáníìkì bá ní, “Èyíkéyìí á ṣe é,” ẹ ní rárá. Tirẹ̀ kọ́ ni gíà tó máa bàjẹ́.

Kí ọkọ̀ wa gbé wa dé ayẹyẹ ogún ọdún.