Ká Tó Ra Tẹlifíṣọ̀n Kékeré Ìrìn-Àjò
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé, Ore

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni. Àwa tí a ń kó ẹrù láti Ore lọ sí Èkó, a mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Mọ́tò lè bàjẹ́, ẹrù lè má tètè tà, a ó sì sun ọjà mọ́jú. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wa fi ń ra tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ní bátìrì àti eriali tirẹ̀, ká lè máa gbọ́ ìròyìn. Kò burú. Láti ọdún 1959 tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ohun tó dùn wá ni pé ọ̀kan nínú wa ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ní gáréèjì. Wọ́n kọ digital gàdàgbà sára páálí. Ó dé ibi tó ń lọ, ó tàn án, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó padà, kò bá ẹni tó tà á fún un mọ́. Èrè ọjà ọjọ́ mélòó ló wọgbó yẹn?

Ẹ jẹ́ kó yé wa. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, bí kò bá gbé dáadáa, á máa ṣe bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ó ṣì máa gbọ́ ohùn. Ti digital kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá gbé, á mọ́ kedere. Bí kò bá gbé tó, àwòrán á dúró gbagidi, á sì lọ. Jos ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2016, ó dé Òṣogbo ní 2018, ó dé Èkó ní 2021. Kò dé gbogbo ìlú lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí ẹ rí wò ní Èkó, ẹ lè má rí i níbòmíràn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o:

1. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ DVB-T2 sí i. Òun ni Nàìjíríà ń lò. DVB-T lásán kò lè gbé e. Bí ọmọ yín bá rà á ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ATSC ni tiwọn, kò bá tiwa mu.

2. T2 nìkan kò tó. Àwọn kan ti ti tiwọn pa. GOtv àti StarTimes, dẹkódà tiwọn àti owó tí ẹ bá san ló ń ṣí i.

3. Kí ẹ tó sanwó, kó tàn án lójú yín, kí ẹ fojú rí ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wò. Ṣé a máa ń ra epo láìtọ́ ọ wò ni? Bó bá ní ó di ilé, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

4. Bí ẹ bá dé ìlú mìíràn, ẹ jẹ́ kó tún ilé iṣẹ́ wá látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fa eriali sókè, ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé. Bí mọ́tò bá ń sáré, àwòrán á máa já.

5. Ẹ má gbé e síwájú dẹ́rẹ́bà láé. Ojú ọ̀nà ni ká jẹ́ kó máa wò. Ẹ̀mí ju ìròyìn lọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a, rédíò kékeré ṣì ń sọ ìròyìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tiyín, ẹ gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ká jọ wo èyí tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíràn má baà jìn sí kòtò kan náà.

A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire.